Ẹ Jẹ́ Kí Ìbàdàn Wọ Ọkọ̀ Lọ Wo Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrè

Odò Ọ̀ṣun tí àwọn èèyàn ń wọ bàálù láti Brazil àti Cuba wá bọ ní Òṣogbo nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún náà ni wọ́n sé ní Aṣéjìrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ wọ Ìbàdàn. Kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀, kì í sì í ṣe odò mìíràn tó kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Láti Ìgèdè Èkìtì ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó kọjá nínú igbó ọlọ́wọ̀ Òṣogbo, ó gba Ẹdẹ, ó wá dé Aṣéjìrè, kó tó tún forí lé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sínú ọ̀sà lágbègbè Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 267 kìlómítà. Ní Òṣogbo, arugbá ń ru igbá lọ bá a, ọba àti ìlú ń tẹ̀ lé e. Ní Aṣéjìrè, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Ìbàdàn, títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló gba orí rẹ̀ kọjá, mọ́tò ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí afárá, bóyá ni èrò inú wọn ń yọjú wo omi tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó yẹ kí ọkọ̀ ojú omi máa gbé èèyàn ká adágún Aṣéjìrè ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí oòrùn bá ń yọ; kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn apẹja àti àwọn abúlé etí odò, kí Ìbàdàn sì fi ìrìn yẹn tún ojú mọ odò tó ń fún un lómi mu.

Àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe irú èyí tipẹ́ ní Varanasi, ìlú tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà sí ibi mímọ́ létí odò Ganga. Ìwọ̀-oòrùn odò ni ìlú náà wà, iyanrìn lásán ló wà ní òdìkejì, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, gbogbo ìlú ló kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Àtẹ̀gùn òkúta ló sọ̀kalẹ̀ láti ìgboro wọ inú omi, ojúkò irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ sì lé ní 80 létí odò. Kí òkùnkùn tó ká tán ni àwọn awakọ̀ ti ń dúró de èrò ní Dashashwamedh àti ní Assi. Ọkọ̀ á máa rọra lọ lẹ́bàá etí odò, èrò inú rẹ̀ á máa wo àwọn tó ń wẹ̀, àwọn tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bu omi tí wọ́n ń rọra dà á padà bí wọ́n ṣe kọjú sí oòrùn, àwọn alágbàfọ̀ tó ń na aṣọ mọ́ òkúta, àti fìtílà kékeré tí wọ́n gbé sínú abọ́ ewé tí omi ń gbé lọ. Bí ọkọ̀ bá dé Manikarnika, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú tọ̀sán tòru, àlejò mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ ya fọ́tò. Ìdílé àwọn atukọ̀ ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Mallah tàbí Nishad, ló jogún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ bàbá wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìrìn ọkọ̀ náà kò dá ìsìn ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn tó ń jọ́sìn ń bá ìsìn wọn lọ, àlejò ń wo odò láti ọ̀ọ́kán, ọmọ ìlú tó ń wa ọkọ̀ sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́dá ní ohun tí èèyàn lè wá wò. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ń mọ ìdènà omi Aṣéjìrè, iṣẹ́ omi ibẹ̀ sì parí ní 1972. Adágún tó ti ibẹ̀ jáde gùn tó kìlómítà 19 àti ààbọ̀ padà sókè lójú Ọ̀ṣun, apá rẹ̀ kejì sì wọ inú odò Ọbà lọ tó kìlómítà 11. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ló lè sọ ìtàn Ọ̀ṣun àti Ọbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìyàwó Ṣàngó méjèèjì, bí ìyáálé ṣe gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ orogún, bí wọ́n ṣe di odò, àti pé omi kì í sinmi níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé inú adágún tí omi ẹ̀rọ wọn ti ń wá ni apá Ọ̀ṣun àti apá Ọbà ti so pọ̀ lónìí. Ó dùn mí pé ìtàn ńlá bẹ́ẹ̀ ní ojúkò tí a lè fi ìka tọ́ka sí, ní ìrìn tí kò tó wákàtí kan láti ìgboro bí ọ̀nà bá já gaara, tí àwọn olùkọ́ kì í sì í kó ọmọ ilé-ìwé lọ wò ó. Bí ti Varanasi náà ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe dojú kọ oòrùn: ẹni tó bá dúró ní ìhà Ẹgbẹ́dá, ìhà Ìkirè ní òdìkejì odò ni yóò ti rí i tí oòrùn ń yọ lórí omi.

Àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́ ni àwọn apẹja. Wọ́n ti máa ń wà nínú ọkọ̀ igi wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè kó àwọ̀n tí wọ́n dẹ sílẹ̀ lálẹ́. Ẹnìkan á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀, kò ní wà á lágbára, á kàn máa fi mú ọkọ̀ dúró sójú kan. Ẹnìkejì á tẹ̀ síwájú ọkọ̀, á máa fa àwọ̀n bọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, á máa yọ ẹpìyà lójú rẹ̀. Bó bá kan òbòkún, á dẹwọ́, nítorí ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja náà méjèèjì kì í dá ẹni tó bá kánjú sí. Kí oòrùn tó ga, ẹja ti dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń dúró dè é létí omi. Òmíràn á di yíyan, òmíràn á di títà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí àwa ń sọ pé kò sí ohun àfẹ́ ní abúlé. Àwọn tó ń ṣe é mọ ibi tí omi jìn, wọ́n mọ ibi tí igi rì sí, wọ́n mọ àkókò tí kùrukùru ń bo ojú omi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jáde. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó lè gbé ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti Èkó.

Kì í ṣe torí owó nìkan ni mo ṣe ń sọ èyí, bí owó tilẹ̀ dára. Odò tí èèyàn ń wò lójoojúmọ́ ní ẹni tí yóò pariwo bó bá bàjẹ́. Èyí tí ojú kúrò lára rẹ̀ kò ní alágbàwí. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960, àwọn agẹdú, àwọn ọdẹ àti àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ ti ń ha igbó náà mọ́. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóríṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí àti Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí, ń wọ inú igbó lọ ṣiṣẹ́, wọ́n ń mọ ère síbẹ̀, wọ́n rí ohun tó ń lọ, wọ́n sì jà fún igbó náà. Ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà ṣì jẹ́ lónìí. Bákan náà ló rí nígbà tí omi Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí omi ẹrẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn nítorí ìwakùsà wúrà ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó ń lọ sí etí odò ní Òṣogbo ló kọ́kọ́ figbe ta, nítorí wọ́n mọ àwọ̀ tí omi náà ń ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi di 2022, ìjọba ti ń kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò.

Omi tí wọ́n ní kí àlejò má mu yẹn, Aṣéjìrè ló ń ṣàn bọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀nà jìn láàárín, odò mìíràn ń wọnú rẹ̀, ẹrẹ̀ púpọ̀ sì máa ń rọ̀ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òótọ́ sì ni pé wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù rọ ìdọ̀tí sílẹ̀ nílé iṣẹ́ omi, wọ́n ń fi klorínì pa kòkòrò kí wọ́n tó tì í sínú páìpù. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ máa ń lo mẹ́kúrì láti fi kó wúrà jọ, klorínì kò sì lè pa mẹ́kúrì. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé mẹ́kúrì wà nínú omi Ìbàdàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ará Òṣogbo béèrè, wọ́n sì pariwo, àwa tí à ń mu ún kò béèrè. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ẹ̀rọ kò fi ibi tó ti wá han ẹni tó ń pọn ọ́n. Ẹni tó gbé korobá rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ní Ẹgbẹ́dá kò rí Ìgèdè, kò rí Iléṣà, kò rí ihò wúrà. Bó bá wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Aṣéjìrè, tó rí àwọ̀ omi náà, tí apẹja sì fi hàn án bó ṣe yí padà láti ìgbà òjò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbéèrè yóò dé ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ìbàdàn ti jìyà odò tí a kọ̀yìn sí rí. Ògùnpa gba àárín ìlú kọjá, a kọ́lé lé etí rẹ̀, a kọ ẹ̀yìnkùlé sí i, a sì ń da pàǹtírí sínú rẹ̀ ní òru. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó ya wọ ilé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a lọ, àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń fi Omíyalé ka ọjọ́ orí ọmọ títí dòní. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú káàkiri ìlú àti agbègbè rẹ̀. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló dí ojú odò. Bó bá jẹ́ pé iwájú ilé ni a kọ sí Ògùnpa, tí ọmọ ń ṣeré létí rẹ̀, tí ọkọ̀ kékeré ń kọjá lórí rẹ̀, ẹni tó gbé àpò pàǹtírí jáde ì bá bá ojú aládùúgbò pàdé.

Ibi tí ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò ti kọ́kọ́ mú mi ni odò Ganga fúnra rẹ̀. Yóò ní: ìwọ tí o sọ pé odò tí a ń wò kì í bàjẹ́, ṣé odò kan wà láyé tí èèyàn ń wò tó Ganga? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láràárọ̀, síbẹ̀ omi ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti ojú kòtò ní Varanasi náà. Ìjọba Rajiv Gandhi bẹ̀rẹ̀ ètò ìfọ̀mọ́ rẹ̀ ní 1986, ìjọba Modi tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn tí wọ́n ń pè ní Namami Gange ní 2014, tí wọ́n ya 200 bílíọ̀nù rúpì sọ́tọ̀ fún, iṣẹ́ kò sì tíì parí. Àtakò yìí lágbára, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ nìkan kò fọ odò kankan mọ́. Ó tilẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó gbàgbọ́ pé odò jẹ́ ìyá tí kò lè di aláìmọ́ ni kì í gbà pé omi rẹ̀ ti ní àrùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó fi òótọ́ ọ̀rọ̀ han ayé ní Varanasi. Veer Bhadra Mishra ni, olórí tẹ́ńpìlì Sankat Mochan, tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ omi ní yunifásítì ìlú náà. Ó ń wọ inú odò lọ wẹ̀ láràárọ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ó sì ń bu omi kan náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1982 tí ń wọn ìdọ̀tí inú omi náà, ó ń fi èsì rẹ̀ ko ìjọba lójú nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá sọ pé gbogbo nǹkan ti dára, títí ó fi kú ní 2013. Ẹni tó ń wọ odò lójoojúmọ́ ni, ó sì ní ìwọ̀n lọ́wọ́. Ganga kò sọ pé kí a má wo odò. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí wíwò má dá rìn láìsí àyẹ̀wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí pátákó kan wà ní ibi tí èrò yóò ti wọ ọkọ̀ ní Aṣéjìrè, kí wọ́n máa kọ èsì àyẹ̀wò omi oṣooṣù sí i ní èdè Yorùbá tó yé ènìyàn: bí omi ṣe dọ̀tí tó, irin olóró wo ló wà nínú rẹ̀, ó ha ti kọjá ìwọ̀n tí ara lè gbà. Kí a sì yọ lára owó ọkọ̀ fún àyẹ̀wò náà, kó má bàa jẹ́ pé ìjọba tó bá gbàgbé la ó máa dúró dè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì gbà wá. Àwọn olórìṣà lè sọ pé Ọ̀ṣun kì í ṣe ohun ìran, pé ẹni tó bá sanwó wọ ọkọ̀ tó gbé fóònù sókè kò yàtọ̀ sí ẹni tó yọjú sí yàrá tí ìyá ti ń wẹ ọmọ. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé ààlà gbọ́dọ̀ wà. Bí ibì kan bá wà létí omi tí wọ́n ti ń bọ ọ́, àwọn tó ni ìsìn ibẹ̀ ni kó pinnu bóyá ọkọ̀ lè sún mọ́ ọn, ní ọjọ́ wo, àti bóyá fọ́tò yóò wà. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Adágún náà tóbi tó pé a kò ní láti yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní ọ̀nà kejì, ọ̀pọ̀ ará abúlé wa ló jẹ́ Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, àwọn kan nínú wọn yóò sì sọ pé ìbọ̀rìṣà ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n mú wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rò ni pé omi yìí ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ Kérésìmesì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Kí wọ́n mọ ibi tó ti wá, kí wọ́n sì bínú sí ẹni tó ń bà á jẹ́, ìyẹn tó. Ní ilé Yorùbá, ẹlẹ́sìn mẹ́ta ń jẹun nínú àwo kan, mi ò rí ìdí tí ọkọ̀ kan kò fi lè gbà wọ́n.

Àwọn onímọ̀ omi yóò béèrè bóyá ó bójú mu kí èrò máa gun orí omi tí ìlú ń mu. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹtiróòlù má ṣe wọ ibẹ̀ fún ìrìn àfẹ́. Àjẹ̀ ni kí wọ́n máa fi wa ọkọ̀ náà, bí àwọn apẹja ṣe ń ṣe. Kí oúnjẹ àti ọ̀rá omi má wọ inú ọkọ̀, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní òkè dáadáa, jìnnà sí etí omi, kí ọkọ̀ sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Ti ààbò tún le ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹni tó gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Pàtígì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó kó èrò ìgbéyàwó bọ̀ lóru dojú dé, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn kú. Òru ni, èrò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kò kárí. Bí iṣẹ́ Aṣéjìrè yóò bá pa ẹyọ ọmọ kan, kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí èrò mẹ́fà péré máa wọ ọkọ̀ kan, kí gbogbo wọn wọ ẹ̀wù náà kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ọkọ̀ má ṣí títí ojú yóò fi rí òdìkejì kedere, kí ó má sì jáde rárá ní oṣù tí omi bá ń ya. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ti tó.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni ti ẹni tí yóò ni iṣẹ́ náà. Bí owó bá ti ń wọlé, olówó kan yóò jáde láti ìlú ńlá pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, yóò na ọgbà yí etí omi ká, ẹni tó ti ń ju àwọ̀n síbẹ̀ láti kékeré yóò wá máa bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó kọjá. Ní Varanasi náà, nígbà tí ọkọ̀ ńlá olówó gọbọi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ odò láti 2018, àwọn atukọ̀ ìbílẹ̀ fẹ̀hónú hàn pé wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Nínú oṣù kìíní ọdún 2023, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ganga Vilas gbéra láti ibẹ̀, ìrìn ọjọ́ 51 ni, ó gba Bangladesh kọjá. Irú àlejò tó ń wọ ìyẹn kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ ọmọ Mallah. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn apẹja ti wà kí èrò àkọ́kọ́ tó dé, kí ìwé àṣẹ jẹ́ tiwọn, kí ilẹ̀ ibi ìwọkọ̀ má ṣeé tà. Bí ẹnikẹ́ni láti òde bá fẹ́ dókòwò, kó wá bá wọn ṣe é lábẹ́ orúkọ wọn.

Wọ́n á ní: ọ̀nà abúlé kò dára, gbàgúdá ń jẹrà ní oko, kí ni ti ọkọ̀ àfẹ́? Mo mọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí láti Ẹ̀rúnmú, láti Lálúpọn àti láti Akánrán. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí wọ́n gba owó ọ̀nà fún ọkọ̀. Ọkọ̀ igi ti wà, odò ti wà, àwọn atukọ̀ ti wà. Títì márosẹ̀ ló gba ẹnu ọ̀nà adágún náà kọjá, láti 2021 sì ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Èkó wá sí Mọ́níyà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Àlejò tó ń lọ sí Òṣogbo láti Èkó gba Ìbàdàn kọjá, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba orí Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrè láìdúró. Bí wọ́n bá sùn mọ́jú ní agbègbè wa, ẹni tó ń dín dùndú, ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó ní iyàrá méjì tó lè gba àlejò, gbogbo wọn ni yóò rí nǹkan mú. Àgbẹ̀ Lágelú kò ní di atukọ̀, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ yóò rí ẹni rà á kó tó dé ọjà Bódìjà.

Owó tí yóò ná ìjọba láti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, ohun tó nílò jù ni kí àwọn kan jókòó sọ̀rọ̀. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá pe àwọn apẹja, àwọn baálẹ̀ etí adágún, àwọn olórìṣà, àti àjọ tó ń bójú tó omi ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí wọ́n pe àwọn ará Ìkirè náà, nítorí etí odò kejì jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, omi kò sì mọ ààlà ìpínlẹ̀. Láti ìpàdé náà ni kí àjọ omi ti gbà láti fi èsì àyẹ̀wò rẹ̀ síta, kí a tó gba náírà kan lọ́wọ́ èrò kankan. Bí èsì náà bá burú, pátákó yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró létí omi, kí ọkọ̀ ṣì dúró ná, kí àwa tí à ń mu omi náà sì gbé èsì ọ̀hún lọ síwájú ìjọba Ọ̀yọ́, ti Ọ̀ṣun àti ti àpapọ̀, ká béèrè ẹni tó ń wa wúrà ní òkè odò àti ẹni tó fún un láṣẹ.